Lẹ́tíùsì inú ike kékeré: ebi náítírójìn ni àbí gbòǹgbò ò ráyè?

#1 Ewéétútù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí, ó ti fẹ́ sú mi.

Mo gbin lẹ́tíùsì eléwé, irú èyí tí kì í ká bí orí, sínú ike lítà 1 mẹ́rìndínlógún. Mo tún gbin mẹ́rin sínú bókẹ́ẹ̀tì lítà 5. Ọjọ́ kan náà ni mo gbin gbogbo wọn, erùpẹ̀ kan náà, oòrùn kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ò lè fi ojú dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ti inú ike ti dúró gbagidi. Ewé ìsàlẹ̀ wọn ń di pupa rúsúrúsú, ewé òkè kéré, ó sì le lọ́wọ́. Àwọn ti inú bókẹ́ẹ̀tì ń gbilẹ̀ lọ ní tiwọn.

Ẹnìkan ní ebi náítírójìn ni, ìyẹn oúnjẹ tí ewé fi ń dàgbà, pé kí n fi yúríà, ajílẹ̀ òyìnbó tó ní in, sí i. Mo bu ṣíbí kékeré kan sí ìdí mẹ́fà nínú wọn, mo bomi rin wọ́n. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹta, etí ewé ti jó bíi pé iná rà á. Méjì ti kú báyìí. Ṣé ebi ni àbí àìráyè? Tó bá jẹ́ ebi, báwo ni oúnjẹ ṣe wá pa wọ́n?

#2 Oníṣirò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká ka iye tí ẹ bù sí i.

Ṣíbí kékeré yúríà kan tó gíráàmù 4 tàbí kó lé díẹ̀. Náítírójìn jẹ́ 46% nínú yúríà, nítorí náà ẹ ti da bíi gíráàmù 1.8 náítírójìn sí ìdí ewé kan. Ẹ wá wo ohun tí ewé náà fẹ́ láti ìbí títí dé ìgbà ìkórè: lẹ́tíùsì tó wọn gíráàmù 300, omi ni nǹkan bíi 95% nínú rẹ̀. Tí ẹ bá sá a gbẹ, ó ku gíráàmù 15. Náítírójìn inú ewé gbígbẹ yẹn máa ń tó bíi 4%. Ìyẹn ni pé gíráàmù 0.6 péré ni gbogbo oúnjẹ ayé rẹ̀. Ẹ fún un ní oúnjẹ ìgbésí ayé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí kò tíì dàgbà tó ìdajì.

Ike lítà 1 yín, lẹ́yìn tí omi bá ti ro tán nínú rẹ̀, kò lè di ju mílílítà 400 omi mú. Ẹ yo gíráàmù 4 yúríà sínú ìwọ̀nba omi yẹn, ó di bíi mílígíráàmù 4,600 náítírójìn nínú lítà kan. Àwọn tó ń fi omi nìkan gbin lẹ́tíùsì kì í sábà kọjá 100 sí 200.

#3 Ìyá Wẹ́wẹ́

Kí n fi kún ti Oníṣirò, nítorí pé èmi náà ti jó ewé rí, mo sì ní ẹ̀rọ EC lọ́wọ́ nígbà yẹn, èyí tó ń wọn iyọ̀ inú omi. Mo yo yúríà, mo ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, kò sọ nǹkan kan. Inú mi dùn, mo ní kò tíì pọ̀ jù. Mi ò mọ̀ pé yúríà kò ní iná mànàmáná lára, ẹ̀rọ ò lè rí i. Ìgbà tí ó bá di àmóníọ́ọ̀mù, irú náítírójìn kan tó ní iná lára, nínú erùpẹ̀ ni ẹ̀rọ tó máa pariwo, ewé ti ń jó kó tó dìgbà náà.

Kí àmóníọ́ọ̀mù tó di náítíréètì, irú náítírójìn tí gbòǹgbò ń fà jù, àwọn bakitéríà ló ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìpele méjì: irú ti Nitrosomonas ló kọ́kọ́ ń yí i padà, irú ti Nitrobacter àti Nitrospira ló ń parí rẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń fẹ́ àkókò. Nínú ike kékeré tí omi kún dẹ́nu, wọn ò rí méjèèjì. Àmóníọ́ọ̀mù á kàn dúró síbẹ̀. Bí yúríà ṣe ń túká, ó tún ń mú kí erùpẹ̀ kúrò ní kíkan, apá kan àmóníọ́ọ̀mù á wá di afẹ́fẹ́ àmóníà tó ń jó gbòǹgbò. Ẹ fi imú sún mọ́ ike tó jó yẹn. Bó bá ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, òun náà nìyẹn.

Àwọn mẹ́rin tó kù nínú mẹ́fà, ẹ da omi mímọ́ sí wọn lórí kó ṣàn gba ìsàlẹ̀ jáde, ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ike. Ó lè yọ díẹ̀ nínú wọn.

#4 OlómiLáìníyẹ̀pẹ̀

Èmi ò gbà pé àyè ni ìṣòro rárá. Ife oníhò tí mo fi ń gbin lẹ́tíùsì nínú omi kò tó mílílítà 150, orí lẹ́tíùsì mi sì ń tóbi ju orí ọmọdé lọ. Tó bá jẹ́ pé gbòǹgbò ń fẹ́ lítà 5 dandan ni, tèmi ò bá ti kú tipẹ́. Ẹ fún un ní náítíréètì tó péye, ẹ gbàgbé bókẹ́ẹ̀tì.

#5 Gbòǹgbò

@OlómiLáìníyẹ̀pẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣèyí tán ẹ gbàgbé ibi tí gbòǹgbò yín wà. Ife yẹn kàn ń di ìdí ewé mú ni. Gbòǹgbò ti gba ihò ife jáde, ó nà sínú omi tó ń ṣàn, kò sí ògiri tó dá a dúró. Omi tuntun ń kọjá lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ti Ewéétútù, ike ni ògiri, ohun tó bá wà nínú ike lówùúrọ̀ ni gbòǹgbò máa jẹ títí di alẹ́.

Lóòótọ́ kẹ̀, ẹ̀rí tiyín ràn wá lọ́wọ́: ó fi hàn pé ike kékeré ń ṣe ohun méjì pọ̀, ó ń dín oúnjẹ kù, ó sì ń sé gbòǹgbò mọ́. Ẹ̀yin ti mú méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá ń pè é ní ọ̀kan.

Hendrik Poorter, olùwádìí ewéko, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 65 jọ ní ọdún 2012 lórí bí ìkòkò ṣe tóbi tó. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìkòkò bá di ìlọ́po méjì, ìwúwo ewéko ń fi 43% lékún, tí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí kó má jẹ́ kí ìwúwo gbígbẹ ewéko ju gíráàmù 2 lọ fún lítà kan, pé 1 ló sàn jù. Ẹ fi ìṣirò Oníṣirò sí i: gíráàmù 15 nínú ike lítà 1! Kódà bókẹ́ẹ̀tì lítà 5 yẹn kọjá ààlà, gíráàmù 3 fún lítà kan ló máa já sí. Ti olùwádìí ni ààlà náà o, èmi ò ní kí àgbẹ̀ lọ wá ìkòkò lítà 15 fún ewé lẹ́tíùsì kan. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé lítà 1 há gan-an.

#6 Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n tún ìṣirò mi nà díẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ká ní ẹ ń fi omi tó ní mílígíráàmù 150 náítírójìn nínú lítà kan rin ín. Mílílítà 400 tí ike náà lè dì mú á ní mílígíráàmù 60 nínú. Ewé náà ń fẹ́ 600. Àfi kí ẹ kún ike yẹn nígbà mẹ́wàá, kí ewé sì fà á gbẹ nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kì í sì í fà á ní ìwọ̀n kan náà: nígbà tó wà ní kékeré, díẹ̀ díẹ̀ ni. Ó ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ tó ń fà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìkórè. Ìdí nìyẹn tí ike àti bókẹ́ẹ̀tì fi jọra títí di ọ̀sẹ̀ kẹta, tí ọ̀nà wọn wá yà.

Náítíréètì tún ní ìwà kan: erùpẹ̀ kì í lè dì í mú. Ẹ bomi rin ike títí omi fi jáde nísàlẹ̀, ẹ ti fọ oúnjẹ dànù. Àmóníọ́ọ̀mù ni erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ ń dì mú díẹ̀. Torí náà nínú ike kékeré, ẹni tó ń bomi púpọ̀ ń fi ebi pa ewé rẹ̀, ẹni tó ń bomi díẹ̀ ń fi òùngbẹ pa á.

Ajílẹ̀ òyìnbó tí mo máa mú ni kálísíọ́ọ̀mù náítíréètì. Irú tí àwọn ọlọ́gbà ń lò ní náítírójìn 15.5%, kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ sì tó 19%. Gíráàmù 1 nínú lítà omi 1 á fún yín ní bíi mílígíráàmù 155 náítírójìn. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí imí-ọjọ́ (súlféètì) nínú omi kan náà nígbà tó bá ki, ó máa dì bí ẹfun sísàlẹ̀ garawa.

#7 Ìyá Wẹ́wẹ́

@Ewéétútù, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú erùpẹ̀ yẹn? Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè.

#8 Ewéétútù

Mà, iyẹ̀pẹ̀ dúdú ìdá kan, ajílẹ̀ ewé tó ti jẹrà ìdá kan, èérún pákó ìdá kan. Èérún pákó yẹn tuntun ni, mo fi sí i kí erùpẹ̀ lè fúyẹ́. Mo tún kó òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ ike kí omi lè ráyè jò.

#9 Ìyá Wẹ́wẹ́

Háà. Ẹ ti gba àlejò tó ń jẹun jù onílé lọ sílé. Nínú èérún pákó tuntun, kábọ́ọ̀nù lè tó ìlọ́po 400 náítírójìn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fẹ́ jẹ ẹ́ jẹrà gbọ́dọ̀ rí náítírójìn fi kọ́ ara wọn. Nígbà tí wọn ò rí i nínú pákó, inú erùpẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, wọ́n sì yára ju gbòǹgbò lọ. Tó bá yá, nígbà tí wọ́n bá kú, wọ́n á dá a padà, ṣùgbọ́n lẹ́tíùsì yín ò lè dúró dìgbà náà. Ajílẹ̀ tó jẹrà dáadáa, bíi ìlọ́po 10 sí 20 ni tiẹ̀, kì í jà mọ́ ewé.

Nítorí náà pupa rúsúrúsú yẹn, èmi gbà pé ebi ni. Náítírójìn ń rìn nínú ewéko: bí kò bá tó, ewéko á tú ti ewé àgbà, á gbé e fún ọmọ ewé. Ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n. Ká ní ewé ọmọ àárín ni etí rẹ̀ ń dúdú tó ń jó, mà á sọ pé kálísíọ́ọ̀mù ni, torí òun kì í padà rìn tó bá ti jókòó sójú kan.

#10 Gbòǹgbò

Ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ yọ ọ́. Ẹ mú kànrìnkàn ìfọwọ́ kan, ẹ rì í sómi, ẹ gbé e ní dídùbúlẹ̀ títí tí kò fi ro mọ́. Ẹ wá gbé e dúró lóòró, ẹ máa rí i pé omi tún ń ro. Omi tó máa ń kù sísàlẹ̀ kò ń wo bí ike ṣe tóbi tó, gíga rẹ̀ wà lọ́wọ́ bí erùpẹ̀ ṣe rí. Nínú ike tó kúrú, ibi tó kún fómi yẹn lè gba ìdámẹ́ta gbogbo àyè. Òkúta tí ẹ kó sísàlẹ̀ kàn gbé ibi tútù yẹn gòkè ni, ó tún gba àyè lọ́wọ́ gbòǹgbò. Nínú ike lítà 1, gbòǹgbò yín lè máa gbé nínú mílílítà 600.

#11 OlómiLáìníyẹ̀pẹ̀

Ó dáa, mo gbà nípa ògiri. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó fi hàn pé ti ẹ bá fún un lóúnjẹ dáadáa nínú ike, kò ní tóbi.

#12 Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí Ewéétútù fi hàn wá. Ẹ ní mẹ́wàá tí kò rí yúríà. Ẹ yọ méjì nínú ike, ẹ ya àwòrán gbòǹgbò rẹ̀ fún wa. Mẹ́jọ tó kù, ẹ pín in sí méjì méjì:

Méjì kó wà nínú ike, omi lásán.
Méjì kó wà nínú ike, kálísíọ́ọ̀mù náítíréètì gíráàmù 1 nínú lítà 1, ojoojúmọ́.
Méjì ẹ ṣí lọ sínú bókẹ́ẹ̀tì, omi lásán.
Méjì ẹ ṣí lọ sínú bókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fún un ní oúnjẹ kan náà.

Erùpẹ̀ tí ẹ máa fi kún bókẹ́ẹ̀tì, àpòpọ̀ kan náà ni o, pẹ̀lú èérún pákó rẹ̀. Tí ẹ bá lọ fi erùpẹ̀ tuntun tó lọ́ràá kún un, a ò ní mọ̀ bóyá àyè ló wò ó sàn àbí oúnjẹ tuntun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á ṣí ewé sínú ìkòkò ńlá, á gbé ara nílẹ̀, wọ́n á ní gbòǹgbò ló ráyè.

Méjì méjì kéré fún ẹ̀rí o, mo mọ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

#13 Ewéétútù

Ẹ ṣé gan-an. Mo yọ méjì bí ẹ ṣe wí. Mo dojú ike dé, mo gbá a nídìí, gbogbo rẹ̀ jáde bí agolo. Gbòǹgbò funfun ti yí ìta ká bí òwú tí wọ́n ká mọ́ nǹkan, kò sí ibi tí mo lè fi ìka gún. Mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì: àárín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, erùpẹ̀ lásán ni. Gbogbo gbòǹgbò wà lára ògiri. Ìsàlẹ̀ lórí òkúta ti di àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ó ń rùn díẹ̀. Àwọn mẹ́jọ ti wà nípò wọn láti òní.

#14 Aláìmọ̀kan

Ṣé mo lè fi omi ìgbẹ́ adìẹ rọ́pò kálísíọ́ọ̀mù yẹn? Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé mi.

#15 Ìyá Wẹ́wẹ́

Èyí tó ti jẹrà tán, tí kò gbóná mọ́, tí kò sì rùn mọ́, ẹ lè pò ó mọ́ erùpẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Omi ìgbẹ́ tútù, rárá o. Àmóníọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì yúríà ni. Ewé tí a ń jẹ ní tútù sì ni lẹ́tíùsì, ẹ má da ìgbẹ́ tútù sí i lára.

#16 Gbòǹgbò

Ẹni tó bá ti ń fún un lóúnjẹ ojoojúmọ́, ẹ ṣọ́ra fún òdìkejì náà. Iyọ̀ kì í bá lẹ́tíùsì lára mu: bí EC omi inú erùpẹ̀ bá ti kọjá 1.3 ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún ilẹ̀, ìkórè á bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ike kékeré tí oòrùn ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ ń mú kí iyọ̀ ki. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, omi lásán títí tó fi jáde.

Tí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ dín náítíréètì kù. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fún ewé ní agbára tó fi ń sọ náítíréètì di ara rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, á kàn kó o pamọ́ sínú ewé. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tiẹ̀ fi òfin sí i: lẹ́tíùsì abẹ́ ilé tí wọ́n kórè láàárín October sí March kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 5,000 náítíréètì lọ nínú kílò kan, ti ìta gbangba láàárín April sí September kò gbọ́dọ̀ ju 3,000. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, ọ̀rọ̀ oòrùn ló pọ̀ jù níbẹ̀.

#17 Ewéétútù

Ọjọ́ 16 ti pé. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó burú jù.

Ike, omi lásán: ó pọ́n títí dé àárín, ọ̀kan ti ń na igi òdòdó sókè. Mo jẹ ewé rẹ̀ kan, ó korò.

Ike pẹ̀lú oúnjẹ: láàárín ọjọ́ márùn-ún ó ti dúdú minimini, inú mi dùn, mo ní ẹ̀gbọ́n OlómiLáìníyẹ̀pẹ̀ ló jàre. Àmọ́ ó dúró níbẹ̀. Ewé pọ̀, gbogbo rẹ̀ kúrú, ó ki bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Bó bá ti di ọ̀sán, ó ń rọ, bẹ́ẹ̀ mo bomi rin ín lówùúrọ̀. Lálẹ́ á tún jí.

Bókẹ́ẹ̀tì, omi lásán: ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó na ewé tó gùn, tó fẹ̀ ju ti ike olóúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ràndánràndán bí ewé tó hù lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Kò rọ lọ́sàn-án rí.

Bókẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú oúnjẹ: òun ni ẹ rí nínú àwòrán. Ewé kan bo àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ̀lú ìka. Síbẹ̀ àwọn mẹ́rin tó ti wà nínú bókẹ́ẹ̀tì látìbẹ̀rẹ̀ ṣì jù ú lọ.

#18 OlómiLáìníyẹ̀pẹ̀

Mo ti rí i. Mo gbà fún yín. Ti ọ̀sán yẹn ló ya mí lẹ́nu jù.

#19 Oníṣirò

Ewé tó pọ̀ ń mu omi ju ohun tí mílílítà 400 lè pèsè di ọ̀sán lọ. Bó bá sì ti rọ, ó ti ẹnu ihò ewé pa nìyẹn, kò ní dàgbà ní wákàtí yẹn bó ti wù kí náítírójìn pọ̀ tó. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: oúnjẹ tún *àwọ̀* ṣe, àyè tún *ìtóbi* ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ewé pupa nìkan láti mọ ohun tó ń ṣe é, ìdajì lẹ ń rí.

#20 Ewéétútù

Ẹ̀yí tí mo fẹ́ gbìn báyìí ńkọ́? Ike lítà 1 ṣì pọ̀ nílẹ̀, mi ò lè dà wọ́n nù.

#21 Ìyá Wẹ́wẹ́

Ẹ fi wọ́n gbin èyí tí ẹ máa gé ní kékeré, ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, kí gbòǹgbò tó yí ògiri ká. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní wọ́n jọra títí di ìgbà yẹn. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kó tóbi, lítà 3 sókè, kí ẹ sì gbé e síbẹ̀ kó tó há. Ẹ ti rí i pé èyí tó ti há kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Òkúta kúrò. Èérún pákó, ẹ kó o jọ pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ Aláìmọ̀kan, kí wọ́n jọ máa jẹrà fún oṣù díẹ̀.

#22 Aláìmọ̀kan

Ẹ bùn mí nínú èérún pákó yẹn nígbà náà, ìgbẹ́ ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi.